ÌDÁNWÒ ỌKÀN LÓRÍ Ẹ̀RỌ ÌRÌN: BÁWO NI A ṢE LÈ GBẸ́KẸ̀ LÉ E TÓ?

Ẹ̀kọ́ Ìlera fún Àwọn Ará Òkè-Ògùn

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ìdánwò kan tí àwọn dókítà máa ń ṣe láti mọ̀ bóyá iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ọkàn ti ń dí. Wọn a mú ènìyàn gun orí ẹ̀rọ kan, wọn a ní kí ó máa rìn, wọn a sì máa wo bí ọkàn rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹni tí ń gbé ní Ṣakí, Ìṣẹ́yìn, Òkèhò tàbí Ìgbòho bá ní ìrora àyà, tí dókítà sì rò pé ọkàn ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó lè jẹ́ pé Ìbàdàn tàbí ìlú mìíràn tí ó jìnnà ni yóò ti lọ ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, owó ìdánwò wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ì bá fi ro oko tàbí tí ì bá fi jókòó nídìí òfì sì ti lọ. Ó tọ́ nígbà náà kí olúkúlùkù mọ ohun tí ìdánwò náà lè sọ fún un, kí ó sì mọ èyí tí kò lè sọ.

Ewu méjì ni ó wà nínú àìmọ̀ yìí. Ẹnìkan lè gbọ́ pé òun yege, kí ó padà sílé, kí ó da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ nù, kí ó sì tún máa mu sìgá, nígbà tí àrùn ṣì wà lára iṣan ọkàn rẹ̀. Ẹlòmíràn lè gbọ́ pé òun kùnà, kí àwọn ẹbí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta màlúù àti ilẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ má sì lè sùn mọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ara iṣan ọkàn rẹ̀ dá ṣáká. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, ẹ̀rọ ìdánwò kò bàjẹ́, dókítà kò sì parọ́. Ìtumọ̀ èsì ni kò yé ẹni tí a fi í jẹ́.

BÍ ỌKÀN ṢE Ń RÍ OÚNJẸ JẸ

Ọkàn jẹ́ ẹran kan tí kì í sinmi láti ọjọ́ tí a ti wà nínú ìyá wa títí di ọjọ́ ikú. Òun ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Ṣùgbọ́n bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀ nígbà gbogbo, kì í ti inú ibẹ̀ jẹun. Iṣan méjì pàtàkì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ni ó yọ láti ara iṣan ńlá tí ó ti inú ọkàn jáde. Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n ya ẹ̀ka káàkiri ara ọkàn tí wọ́n sì ń bọ́ ọ.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rá lè máa lẹ̀ mọ́ ògiri inú àwọn iṣan wọ̀nyí, pàápàá lára ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tí ó ń mu sìgá, àti ẹni tí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Ọ̀nà inú iṣan náà a wá máa fún. Àrùn yìí lè wà lára ènìyàn fún ọdún púpọ̀ láìjẹ́ kí ó mọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí: ìsun omi kékeré tí ó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ lè tó ilé méjì pọn ní ọjọ́ lásán, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí gbogbo àdúgbò bá ń ṣe ìnáwó, kò ní tó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkàn rí. Bí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí ó gba ojú iṣan tóóró kọjá a tó o. Bí ó bá ń gun òkè, tàbí tí ó ru ẹrù iṣu láti oko wálé, ọkàn a béèrè fún ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i, iṣan náà kò sì ní lè pèsè rẹ̀. Nígbà náà ni àyà yóò fún un pinpin láàárín méjì, bí ẹni pé a gbé àpò gàrí lé e, ìrora náà sì lè ràn dé apá òsì tàbí àgbọ̀n. Bí ó bá dúró sinmi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a sì rọlẹ̀.

Láti inú èyí ni èrò ìdánwò náà ti jáde. Àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn mọ̀ pé òwú tí kò lágbára lè dára lójú nígbà tí ó wà nílẹ̀. Ìgbà tí a bá nà án sórí òfì ni a ó mọ ibi tí yóò ti já. Àwọn dókítà náà rò pé, bí a bá wo ọkàn nígbà tí ó ń sinmi nìkan, àbùkù rẹ̀ lè fi ara pamọ́. Ẹ jẹ́ kí a fún un níṣẹ́ ṣe, kí a sì máa wò ó bí ó ti ń ṣe é.

BÍ ÌDÁNWÒ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní ọdún 1903, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ìlú Leiden ní ilẹ̀ Hollandi, Willem Einthoven, gbé ẹ̀rọ kan jáde tí ó lè ya ìlà iná mọ̀nàmọ́ná kékeré tí ó wà nínú lílù ọkàn sórí ìwé. Ẹ̀bùn Nobel ni wọ́n fi dá a lọ́lá ní ọdún 1924. Ẹ̀rọ yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ń pè ní ECG títí di òní.

Ní ọdún 1929, Arthur Master àti ẹnì kejì rẹ̀ ní New York sọ nípa ìdánwò kan tí kò ní ju àtẹ̀gùn kékeré méjì lọ. Aláìsàn a máa gùn ún, a máa sọ̀ kalẹ̀, wọn a sì yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gun òkè Adó-Àwáyè lọ wo adágún Ìyákẹ̀ rí, tí ó ti ka àtẹ̀gùn rẹ̀ tí ó lé ní 300, yóò mọ̀ pé kò sí olùṣàyẹ̀wò ọkàn tí ó le tó òkè. Ṣùgbọ́n a kò lè gbé ẹ̀rọ lé ènìyàn láyà lórí òkè kí a sì máa wọn bí òkè ṣe ga tó ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ohun tí dókítà ń fẹ́ ni òkè tí ó lè mú wọ inú yàrá, tí ó sì lè mú kí ó ga tàbí kí ó rẹlẹ̀ bí ó bá ti fẹ́.

Robert Bruce, dókítà ọkàn ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, ni ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ ní ọdún 1963. Ó lo ẹ̀rọ ìrìn, èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bẹ́líìtì tí ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 3 àkọ́kọ́, ẹni náà a rìn ní ìwọ̀n máìlì 1.7 ní wákàtí kan, ẹ̀rọ a sì dagun díẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá rin ẹsẹ̀ bàtà 10, a ti gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà 1. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3 yẹn, a di máìlì 2.5, ẹ̀rọ a sì tún dagun sí i. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa le sí i ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta. Ìlànà Bruce yìí ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn káàkiri ayé ṣì ń tẹ̀ lé.

OHUN TÍ DÓKÍTÀ Ń WÒ

Wọn a lẹ okùn ẹ̀rọ ECG mọ́ àyà ẹni náà, wọn a so ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá. Wọn a ṣírò bí ọkàn rẹ̀ ṣe yẹ kí ó yára tó: wọn a yọ ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò nínú 220. Fún ẹni 50 ọdún, ó kù 170. Wọ́n fẹ́ kí ó dé ìdá 85 nínú 100 iye yìí ó kéré tán, èyí tí í ṣe bíi 145 ní ìṣẹ́jú kan. Bí orúnkún bá ń dun ẹni náà tí kò lè rìn dé ibẹ̀, tàbí tí ó ń lo oògùn tí ń dín eré ọkàn kù, ìdánwò náà kò tíì parí. A kò lè sọ pé ó yege, a kò sì lè sọ pé ó kùnà.

Àmì pàtàkì tí wọ́n ń wá ni pé, apá kan nínú ìlà ECG, tí ó yẹ kí ó wà ní ìpele kan, a sọ̀ kalẹ̀ tó mìlímítà 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí iṣẹ́ ti ń le. Wọ́n tún ń wò bóyá ìrora àyà dé, bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ dípò kí ó gòkè, bóyá ọkàn ń lù ségesège, àti iye ìṣẹ́jú tí ó lè fi rìn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìdánwò yìí dẹ́rù bà yín. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1971, lórí bíi 170,000 ìdánwò, ikú tí ó wáyé kò ju bíi ẹyọ kan nínú 10,000 lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n gun ẹ̀rọ náà rárá: ẹni tí ìrora àyà ń bá nígbà tí ó ń sinmi, ẹni tí àìsàn ọkàn òjijì ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní ọjọ́ kan tàbí méjì sẹ́yìn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru gidigidi tí a kò tíì kápá rẹ̀, àti ẹni tí ẹnu ọ̀nà àbájáde ọkàn rẹ̀ ti fún jù.

BÁWO NI Ó ṢE Ń SỌ ÒTÍTỌ́ TÓ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Láti mọ̀ bóyá ìdánwò kan dára, a ní láti fi wé èyí tí ó dájú jù ú lọ. Nínú ọ̀ràn yìí, èyí ni àwòrán tí a ń yà lẹ́yìn tí a bá ti da oògùn sínú iṣan ọkàn fúnra rẹ̀, tí Mason Sones ti ilé ìwòsàn Cleveland ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1958. Ìbéèrè méjì ni a ó bi ìdánwò náà. Èkínní: nínú 100 ènìyàn tí àrùn wà lára wọn ní tòótọ́, mélòó ni ó lè mú? Èkejì: nínú 100 ènìyàn tí àrùn kò sí lára wọn, mélòó ni ó dá sílẹ̀ láìfi ẹ̀sùn kàn wọ́n?

Ní ọdún 1989, àwọn olùwádìí kó ìròyìn 147 jọ, èyí tí ó kan ènìyàn 24,074. Wọ́n rí i pé, bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìdánwò orí ẹ̀rọ ìrìn mú 68 nínú 100 tí àrùn wà lára wọn. Ó sì dá 77 sílẹ̀ nínú 100 tí ara wọn dá. Ìyẹn ni pé ó fo 32 nínú 100 aláìsàn kọjá, ó sì fi ẹ̀sùn kan 23 nínú 100 aláìlẹ́ṣẹ̀.

Iye yìí pàápàá lè ti ga jù fún ìdánwò náà ní apá kan. Ìdí ni pé, ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ẹni tí ó bá kùnà lórí ẹ̀rọ ìrìn ni wọ́n máa ń rán lọ ya àwòrán inú iṣan. Ẹni tí ó bá yege a máa lọ sílé. Bí àrùn bá wà lára ẹni tí ó lọ sílé, ta ni yóò kà á mọ́ àwọn tí a fò kọjá? Nígbà tí àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà wá mú ènìyàn 814 tí gbogbo wọn gbà tẹ́lẹ̀ pé àwọn yóò ṣe ìdánwò méjèèjì, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1998, wọ́n rí i pé 45 péré nínú 100 aláìsàn ni ẹ̀rọ ìrìn mú, ṣùgbọ́n ó dá 85 nínú 100 aláìlárùn sílẹ̀.

AJÁ KAN NÁÀ NÍNÚ ÀGBÀLÁ MÉJÌ

Ẹnìkan lè wí pé, “Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, bí ìdánwò bá ní àrùn wà lára mi, 68 nínú 100 ni ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òtítọ́.” Rárá o. Àṣìrò tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ajá ṣe àpẹẹrẹ. Ajá kan wà tí ó máa ń gbó bí olè bá wọlé, ṣùgbọ́n ó tún máa ń gbó nígbà mìíràn bí ewúrẹ́ aládùúgbò bá kọjá. Bí a bá mú ajá yìí lọ sí àgbàlá tí olè kì í sábà dé, bí ó bá gbó, ó di dandan kí ó jẹ́ pé ewúrẹ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bí a bá mú ajá kan náà lọ sí àdúgbò tí olè ti ń jà lóròòru, tí ó sì gbó, kí onílé dìde. Ajá kò yí padà. Àgbàlá ni ó yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Kí a mú 1,000 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn kéré, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ lára wọn, tí ìrora àyà wọn kò sì jọ ti ọkàn. Kí a ṣe bí ẹni pé 100 nínú wọn ni àrùn náà wà lára rẹ̀. Ìdánwò yóò mú 68 nínú 100 yẹn. Nínú 900 tí ó kù, yóò fi ẹ̀sùn kan 207. Àpapọ̀ àwọn tí a sọ fún pé wọ́n kùnà jẹ́ 275. Àwọn 68 nìkan ni ó ní àrùn. Ìyẹn jẹ́ bíi ẹnìkan nínú mẹ́rin. Àwọn mẹ́ta yòókù ń wárìrì lásán.

Nísinsìnyí, kí a mú 1,000 àgbàlagbà tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ tàbí tí wọ́n ti mu sìgá pẹ́, tí àyà ń fún wọn nígbà tí wọ́n bá ń gun òkè tí ó sì ń rọlẹ̀ bí wọ́n bá sinmi. Kí a ṣe bí ẹni pé 700 nínú wọn ni àrùn wà lára rẹ̀. Ìdánwò yóò mú 476. Nínú 300 tí ara wọn dá, yóò fi ẹ̀sùn kan 69. Àwọn tí ó kùnà jẹ́ 545, èyí tí 476 nínú wọn jẹ́ òtítọ́. Bíi 87 nínú 100 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí ó yege: 231 tí ara wọn dá, àti 224 aláìsàn tí ìdánwò fò kọjá. Nínú 455 tí a kí kú oríire, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ni ó gbé àrùn padà sílé.

Òfin ìṣirò tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Bayes, ni ó kọ ọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1763 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní ọdún 1979, dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, Diamond àti Forrester, fi hàn bí a ó ṣe lò ó fún àrùn iṣan ọkàn: kí dókítà kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí aláìsàn, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àti irú ìrora tí ó ń bá a, kí ó tó ka èsì ẹ̀rọ. Nítorí náà, ìdánwò yìí wúlò jù lọ fún ẹni tí ó wà ní agbede méjì, tí dókítà kò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan mọ ibi tí ọ̀ràn rẹ̀ wà.

ÀGBÀLÁ TIWA

Ọ̀rọ̀ ajá àti àgbàlá yìí kan ilẹ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí wọ́n ṣí Ilé Ìwòsàn Yunifásítì tí ó wà ní Ìbàdàn, tí a mọ̀ sí UCH, ní oṣù kọkànlá ọdún 1957, àrùn iṣan ọkàn dídí ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ènìyàn wa. Ìròyìn tí àwọn dókítà Falase, Cole àti Osuntokun ti Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní ọdún 1973 nípa àìsàn ọkàn òjijì lára àwọn ọmọ Nàìjíríà fi hàn pé ohun tí a kì í sábà rí ni ó ṣì jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ń ba ọkàn àwọn ènìyàn wa jẹ́ jù. Ní irú àgbàlá bẹ́ẹ̀, tí olè kò wọ́pọ̀, kò yẹ kí a yára gba ẹ̀rí ajá tí ń gbó.

Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1997, tí ó fi àwọn ènìyàn Nàìjíríà àti Cameroon wé àwọn aláwọ̀ dúdú erékùṣù Karibeani àti ti Amẹ́ríkà, rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára 16 nínú 100 ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, 26 ní Karibeani, àti 33 ní Amẹ́ríkà. Ìran kan náà ni wọ́n. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń gbé ni ó yàtọ̀. Ní ọdún 1997 kan náà ni ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe ṣe alága rẹ̀ jábọ̀ ìwádìí gbogbo Nàìjíríà, pé bí a bá tilẹ̀ lo ìwọ̀n tí ó ga, èyí tí í ṣe 160/95, bíi 11 nínú 100 ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́sàn-án, tí ó jáde ní ọdún 2005, sì fi hàn pé ohun kan náà tí ń fa àìsàn ọkàn òjijì níbòmíràn ni ó ń fà á níhìn-ín: sìgá, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ikùn tí ó yọ. Olè tí kì í dé tẹ́lẹ̀ ti mọ ọ̀nà ilé wa.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó ti pẹ́ lára máa ń mú kí ẹran ọkàn nípọn. Ọkàn tí ó ti nípọn báyìí lè mú kí ìlà ECG sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìrìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣan rẹ̀ kò dí. Àìtó ẹ̀jẹ̀ lára lè ṣe bẹ́ẹ̀, oògùn ọkàn tí ń jẹ́ digoxin lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀sùn èké sì máa ń pọ̀ lára àwọn obìnrin ju ọkùnrin lọ. Lára àwọn aláwọ̀ dúdú tí ara wọn le koko pàápàá, ìlà ECG lè ní ìrísí tí yóò ya ẹni tí kò mọ̀ lẹ́nu. Níwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọ́pọ̀ láàárín wa tó, ó yẹ kí dókítà tí ń ka ìdánwò yìí nílẹ̀ wa ṣọ́ra gidigidi.

BÍ ẸNÌKAN BÁ YEGE, ṢÉ Ó TI BỌ́?

Ìdánwò yìí lè rí ibi tí iṣan ti fún débi pé ẹ̀jẹ̀ kò tó ọkàn nígbà iṣẹ́. Kò lè rí ọ̀rá tí kò tíì dí ju ìdá díẹ̀ lọ nínú iṣan. Bẹ́ẹ̀ sì ni, irú ọ̀rá kékeré bẹ́ẹ̀ lè bẹ́ lójijì, kí ẹ̀jẹ̀ dì lé e lórí, kí ó sì dí ojú iṣan náà pátápátá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ́ pé ẹnìkan yege lónìí, tí àìsàn ọkàn òjijì sì mú un kí ó tó pẹ́. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Bí ó ti wù kí ó rí, kí a má ṣe da ìdánwò náà nù bí ẹni da omi ẹ̀kọ́ nù. Iye ìṣẹ́jú tí ènìyàn lè fi rìn lórí ẹ̀rọ jẹ́ ẹ̀rí pàtàkì. Àwọn dókítà Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà ṣe ìṣirò kan tí ó pa ìṣẹ́jú ìrìn, sísọ̀ ìlà ECG àti ìrora àyà pọ̀ mọ́ra. Nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1991, 99 nínú 100 àwọn tí ìṣirò náà fi sí ipò tí ó dára jù ni ó wà láàyè lẹ́yìn ọdún 4, ṣùgbọ́n 79 nínú 100 ni ó wà láàyè nínú àwọn tí ó fi sí ipò tí ó burú jù. Ìdánwò tí kò dájú tó láti sọ bóyá àrùn wà, lè dára láti sọ bí ọ̀nà tí ó wà níwájú ti rí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ń ṣètò ìlànà ìwòsàn kéde ní ọdún 2010 pé kí àwọn dókítà má ṣe lo ECG orí ẹ̀rọ ìrìn mọ́ láti wádìí bóyá àrùn yìí wà lára ẹni tí a kò tíì mọ̀ mọ́ ọn. Àwòrán CT tí ń fi iṣan ọkàn hàn ni wọ́n ń fẹ́ dípò rẹ̀. Ní Scotland, wọ́n pín ènìyàn 4,146 sí ọ̀nà méjì: ìtọ́jú bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ fún apá kan, ìtọ́jú kan náà pẹ̀lú àwòrán CT fún apá kejì. Lẹ́yìn ọdún 5, àwọn tí àìsàn ọkàn òjijì mú tàbí tí àrùn iṣan ọkàn pa jẹ́ 3.9 nínú 100 ní apá àkọ́kọ́, àti 2.3 nínú 100 ní apá kejì. Wọ́n tẹ èyí jáde ní ọdún 2018. Ní ibi tí ẹ̀rọ CT bá ti wọ́n tàbí tí kò sí, ẹ̀rọ ìrìn ṣì ní iṣẹ́ rẹ̀, bí ẹni tí ń kà á bá mọ ìwọ̀n rẹ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ ṢE

Ṣáájú ohun gbogbo, kí ẹni tí ó ti lé ní 40 ọdún lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ ọn jù, ìbáà ṣe ti ìjọba, ìbáà ṣe ti àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ṣakí. Kí ó wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Owó wọn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrìn-àjò sí Ìbàdàn, wọ́n sì ń sọ púpọ̀ fún dókítà nípa àgbàlá tí ajá ń ṣọ́. Ẹni tí kò mọ iye ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, tí ó wá ń sáré kiri nítorí ẹ̀rọ ńlá, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Bí dókítà bá ní kí ẹ lọ ṣe ìdánwò náà, ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, àti àgbo pẹ̀lú, kí ẹ sì fi hàn wọ́n. Ẹ má ṣe dá oògùn kankan dúró fúnra yín. Ẹ wọ bàtà tí ó ṣeé rìn. Ẹ sọ fún wọn bí orúnkún tàbí ìbàdí bá ń dùn yín.

Nígbà tí èsì bá jáde, ẹ má ṣe béèrè pé, “Ṣé mo yege?” nìkan. Ẹ béèrè pé: “Kí a tó ṣe ìdánwò yìí, báwo ni ẹ ti rò pé ó ṣeé ṣe tó pé kí àrùn wà lára mi? Nísinsìnyí ńkọ́? Ṣé eré ọkàn mi dé ibi tí ó yẹ? Ìṣẹ́jú mélòó ni mo rìn?” Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ní ìparí, ẹ fi èyí sọ́kàn: ìrora àyà tí ó fún pinpin tí ó sì ju ìṣẹ́jú 15 lọ láìrọlẹ̀, pàápàá bí òógùn tútù, èémí kúkúrú tàbí èébì bá bá a rìn, kì í ṣe ọ̀ràn ẹ̀rọ ìrìn. Ẹ má ṣe dúró pé kí ilẹ̀ mọ́, ẹ má sì ṣe fi oògùn ọgbẹ́ inú tàn án jẹ. Ẹ wá ọkọ̀ kí ẹ sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ jù lójú ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yege ìdánwò ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÌKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Èé ṣe tí àrùn iṣan ọkàn fi lè fi ara pamọ́ nígbà tí ènìyàn bá ń sinmi?

2. Nínú 100 ẹni tí àrùn wà lára wọn, mélòó ni ìdánwò orí ẹ̀rọ ìrìn mú nínú ìròyìn ọdún 1989? Mélòó nínú ti ọdún 1998? Kí ni ó fa ìyàtọ̀?

3. Ẹ mú 1,000 ènìyàn, kí ẹ sì ṣe bí ẹni pé 500 ni àrùn wà lára wọn. Ẹ fi iye ti ọdún 1989 ṣírò àwọn tí yóò kùnà, àti iye tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú wọn. (Ìdáhùn: 455, 340.)

4. Ẹ dárúkọ ohun mẹ́ta tí ó lè mú kí ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ kò dí kùnà nínú ìdánwò náà.

5. Kí ni ẹ ó sọ fún aládùúgbò yín tí ó yege, tí ó sì fẹ́ da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ nù?